Ilé Tó Kẹ̀yìn sí Títì

Obìnrin kan rí ohun tó yẹ kó sọ, ó pa ẹnu mọ́ kó lè fẹ́ ọkùnrin tó wù ú, ó sì fẹ́ ẹ.

Eléèkàn ni gbogbo àwọn tó ń kọ́lé ń pè é, torí kò sí ibi tó ń lọ tí kì í gbé èèkàn àti okùn dání. Ọgbà ló ń ṣe. Kò kọ́ ọ nílé ìwé kankan. Ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń bomi rin nǹkan, títí ó fi mọ igi tó fẹ́ràn oòrùn àti èyí tí oòrùn lè pa. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àwọn onílé ti ń wá a kiri. Bàbá rẹ̀, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi darúgbó, máa ń sọ fáwọn ará àdúgbò pé ọmọ òun ò gbọ́ èdè èèyàn, ti ilẹ̀ ló gbọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan sórí ìwé, á gbé àga lọ sórí ilẹ̀ náà láàárọ̀, á jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ibi tí òjìji igi bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á ri èèkàn mọ́ ọn. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, á ri èèkàn mọ́ ọn. Ibi tí omi òjò máa ń dúró sí, èèkàn. Lọ́jọ́ kejì á tún jókòó. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ibi tí fèrèsé yẹ kó kọjú sí, igi tí wọn ò gbọdọ̀ gé àti èyí tí wọ́n á gbìn. Ó ní ilé àti ọgbà, tọkọtaya ni wọ́n, tí ọ̀kan bá kó dé láìbéèrè bí èkejì ṣe ń sùn, ìjà ló máa dà. Àwọn birikila á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí òun fúnra rẹ̀ ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ.

Níbi tí ọ̀gá ilé ìwé kan ti ń kọ́lé ni òun àti Ayàwòrán ti pàdé. Ọkùnrin náà ló ya àwòrán ilé yẹn. Ó kàwé, ó wọ bàtà tó ń dán wá sórí yẹ̀pẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé ìwé bí yàrá òkè á ṣe máa gba ẹwà ìrọ̀lẹ́ wọlé. Eléèkàn wà lórí àga tirẹ̀ lábẹ́ igi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹwà ìrọ̀lẹ́ wo? Oòrùn aago mẹ́rin ni fèrèsé yẹn kọjú sí. Tí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá sùn síbẹ̀, wọ́n á jinná.”

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ayàwòrán ò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Eléèkàn sọ fún ara rẹ̀ pé ẹnu òun ti tún kó bá òun bó ṣe máa ń ṣe, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú bàtà tó ti gbó lẹ́sẹ̀ àti àga kan lọ́wọ́. Ó gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó jókòó. Wọ́n jọ ń wo òjìji títí ó fi di ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn wá yà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, tó ta sí ibi tí fèrèsé wà nínú ìwé rẹ̀ gan-an, ó nu ojú, ó ní, “Ẹ ṣeun. Ilé mọ́kànlá ni mo ti yà. N kò jókòó ti ilẹ̀ ọ̀kankan rí.”

Eléèkàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu ọkùnrin. Ó ti gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi di. Èyí tó sọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò sì gbèjà ara rẹ̀, àkọ́kọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti wọ̀ ọ́ lára.

Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi jọ ń ṣiṣẹ́. Obìnrin á jókòó ti ilẹ̀, ọkùnrin á yàwòrán, wọ́n á jọ ṣe àríyànjiyàn lórí ibi tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná máa wà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ máa gbébẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Eléèkàn fi jù ú lọ, nítorí náà “ẹ” ni ọkùnrin náà ń fi bá a sọ̀rọ̀, “ẹ jókòó,” “ẹ wo ibí.” Lọ́jọ́ kan òjò lé wọn wọ abẹ́ páánù kan tí kò ju ìbú apá méjì lọ. Ọkùnrin náà bu omi láti inú kúlà sínú ife, ó na ife náà sí i. “Gbà, mu.” Kò sọ pé “ẹ gbà.” Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Òjò ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Eléèkàn ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ná, òun ò fẹ́ ọkọ tó máa fi òun pa mọ́.

Ìyá náà, Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, abẹ́rẹ́ ló sì fi rán ọmọ náà níwèé títí ó fi di ẹni tó ń yàwòrán ilé. Lọ́jọ́ tí Eléèkàn kọ́kọ́ lọ kí i, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ ti di sí lábẹ́, ó bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sómi nílé yín ni?”

Eléèkàn fèsì pé omi wà, iṣẹ́ náà wà. Èsì yẹn ò tún nǹkan ṣe.

Wọ́n wá rán Káfíńtà níṣẹ́ alárinà. Òun ló ń ṣe ilẹ̀kùn gbogbo ilé táwọn méjèèjì bá jọ ṣe, ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ ló sì ti ń rán ṣòkòtò láti ìgbà tí ìdí rẹ̀ ti kéré. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ìyá ní òun ò bí ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ò fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ kó lè lọ gbé ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ wálé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé àga fún Káfíńtà, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ tó bá wá.

Káfíńtà padà wá jókòó sáàárín wọn, ó nu iwájú orí. Ó ní, “Ìyá yẹn, ilẹ̀kùn ni. Kò tì pa, ó kàn há ni. Ẹ má fagbára fà á, á ya mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ohun táa máa fi dẹ̀ ẹ́.”

Òun ló mú àbá náà wá. Ilé Ìyá Aránṣọ ti gbó: yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó wà gbàgàdà létí títì. Páánù ń jò, ooru inú rẹ̀ lè pa ẹyẹ, eruku mọ́tò sì ń wọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ gbọọrọ wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú igi máńgòrò ńlá méjì tí ẹnikẹ́ni ò lò fún nǹkan kan. Ó ní ká wó ilé yẹn, ká kọ́ tuntun fún un, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ obìnrin yìí lè ṣe.

Nígbà tí ọmọ sọ ọ́ fún ìyá, ìyá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì, ó rán ìlà kan tán kó tó fèsì. “Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́.”

Ayàwòrán gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní Màámi ti gbà. Eléèkàn, tí òun náà ti ní ìyá rí kí ìyá náà tó kú, mọ̀ pé tí ìyá bá ní kí o ṣe é bí o bá ṣe fẹ́, ó lóhun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wà lójú ọkùnrin náà. Kò fẹ́ bu omi sí i.

Ó gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó fìdí lélẹ̀ láti aago mẹ́fà àbọ̀. Láti ibi tó wà, ó ń rí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí títì. Ìyá Aránṣọ gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó gbé e sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sínú oòrùn pátápátá. Òjìji wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì péré. Kò sún sí i. Eléèkàn rò pé bóyá òtútù ń mú un. Nígbà tó di aago mẹ́jọ tí oòrùn ti ń ta, tí ìyá náà ń nu ọrùn, tí kò sì sún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó gbé e dúró síbẹ̀.

Èèyàn ni. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, ẹni tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti rí ìyàwó òun tó kọjá. Ọlọ́kadà kan ò sọ̀kalẹ̀, ó kàn dẹwọ́ eré, ó bú u pé aṣọ òun dà, ìyá náà bú u padà pé ìyá ẹ ló máa rán an. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, Eléèkàn ka èèyàn mọ́kànlélógójì. Bó bá sún sínú òjìji, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dí i lójú, kò ní rí ìdajì wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà pẹ́ kó tó jáde. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. “Ìyá! Ṣé kò sí o? N ò rí yín lójúde.” Ìyá dáhùn láti inú ilé pé òun ń wá gíláàsì òun, kó má fi ariwo jí òkú. Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá, ó lọ.

Eléèkàn dìde. Ó lọ ri èèkàn kan mọ́ ẹsẹ̀ àpótí yẹn níwájú ilé. Nínú gbogbo èèkàn ọjọ́ méjèèjì, ìyẹn nìkan ni kò jẹ mọ́ oòrùn tàbí atẹ́gùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Ayàwòrán dé pẹ̀lú ìwé tó ti yà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo yàrá ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, sí abẹ́ igi méjì yẹn. Ògiri gíga kan dí iwájú láti òpin dé òpin, kò ní fèrèsé, gétì kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ariwo, eruku àti oòrùn ọ̀sán má wọlé mọ́. Ilé náà kẹ̀yìn sí títì pátápátá.

Eléèkàn wò ó. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Ìyá rẹ á kú sínú ibí. Kì í ṣe ooru ló ń bá a jà.

Ayàwòrán ò wo ìwé, ojú obìnrin náà ló ń wò. Ó ní, “Tí Màámi bá wọ ibí yìí tí kò sì gbà fún wa, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

Eléèkàn gbọ́ “ó ti rẹ̀ mí” yẹn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó rò ó pé, bí òun bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ìwé yìí di àkísà, a jẹ́ pé a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ìyá tún ní oṣù mẹ́fà láti fi kọ̀. Ó tún rò ó pé, ìyá fúnra rẹ̀ ló ní ká ṣe é bá a bá ṣe fẹ́. Ta ló ní kí ó má sọ̀rọ̀? Èèyàn tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ kì í wá ẹlẹ́rìí tì.

Ayàwòrán rí èèkàn iwájú ilé, ó bi í pé kí ni ìyẹn wà fún.

“Kò sí nǹkan,” ló wí. “Mo kàn ri í mọ́lẹ̀ ni.” Ó sì lọ fà á tu.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, ìyá wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ilé náà dára. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ máńgòrò kọjá kó tó wọ yàrá, ó ti tutù kó tó débẹ̀. Omi òjò ń ti orí páánù lọ sínú tánńkì, omi ìwẹ̀ ń lọ sídìí igi ọsàn. Láti ibi tí èèyàn bá ti ń fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè kan ewébẹ̀. Òdòdó tó ń fà bo ògiri iwájú látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí bíríkì kan. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, méjì nínú wọn gbé iṣẹ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Aránṣọ rìn yí i ká. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó jókòó lábẹ́ igi, ó gbé ojú sókè. “Ó tutù,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ òun mú ìyàwó rẹ̀ wálé. Ayàwòrán bú sẹ́kún. Eléèkàn náà sunkún, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sun.

Wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Bàtà Káfíńtà fún un lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bọ́ ọ, ó fi ìbọ̀sẹ̀ jókòó bí ọba, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òun lòun dẹ ilẹ̀kùn tó há. Bàbá Eléèkàn ní kí ọkọ tètè lọ kọ́ èdè ilẹ̀. Yàrá méjì tó wà lápá òsì ilé náà ni tọkọtaya ń gbé, ìyá wà lápá ọ̀tún.

Oṣù bíi mẹ́wàá dùn. Eléèkàn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun lè ní ẹni tí òun á máa bá rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń wo ìyá. Àwọn oníbàárà dín kù, torí ẹni tó bá ń kọjá lọ ló máa ń rántí pé ṣòkòtò òun ya, ta ló sì ń rántí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri? Ohùn ìyá náà ń relẹ̀. Ó ń gbé àpótí lọ sídìí ògiri iwájú, níbi tí kò sí nǹkan tí wọ́n ń wò, á jókòó síbẹ̀ á tẹ́tí. Lọ́jọ́ kan Eléèkàn bá a níbẹ̀, ó bi í pé kí lẹ ń ṣe, Mà. Ó ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó ń mú ìbejì lọ sílé ìwé, pé ọ̀kan ti ń tiro, ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí i.

Eléèkàn sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ó yẹ ká la fèrèsé kan sí ògiri iwájú. Ọkọ ní á ba ògiri jẹ́, ooru á wọlé. Ó ní Màámi kàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sinmi ni. Eléèkàn ò tún un sọ. Ó tún rọrùn jù láti má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú ni ó ṣẹlẹ̀. Tọkọtaya ti jáde láti aago méje lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà. Ìyá lọ ká aṣọ lórí okùn, apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣubú sórí ọ̀nà olókùúta tó wà láàárín ọgbà. Kò dákú. Ó gbọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó mọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu tó ti wọ́, títí ohùn fi tán. Òjìji tí Eléèkàn fi èèkàn wọ̀n ló ṣíji bò ó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ò kàn án rárá. Aago mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó bá a níbẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè ìgbà tó ṣubú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó mi orí, ó ní ká ní wọ́n gbé e dé kí ó tó di ọ̀sán ni. Kò parí rẹ̀. Oníbúrẹ́dì wá lọ́jọ́ kejì, ó ń sunkún pé òun gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ògiri, òun rò pé ológbò ni.

Àwọn èèyàn ń wá kí wọn, gbogbo wọn ń sọ nǹkan kan náà: kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ayàwòrán jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò jẹun, ó di orí mú. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó lè mọ̀,” ló wí. “Àbí? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀.”

Ohun tó ń tọrọ ò ju “bẹ́ẹ̀ ni” kan lọ. Eléèkàn mọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Mo mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Lọ́jọ́ tí mo jókòó ti ilẹ̀ yẹn. Màámi pẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oníbúrẹ́dì lọ kanlẹ̀kùn. Mo rí i. Mo mọ̀ pé títì yẹn ló ń ṣọ́ wọn. Mo ti ri èèkàn síbẹ̀, o bi mí léèrè, mo fà á tu.”

Ọkùnrin náà bi í pé, “Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ fẹ́ ọ ni.”

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá à bá tún rí nǹkan ṣe sí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ tán mọ́. Òun ló ya ilé náà, òun ló fi ògiri dí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ lè dárí ji ara rẹ̀ bó bá ti rí ẹni tó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá padà sílé, Eléèkàn àti Káfíńtà gbé òòlù. Wọ́n fa òdòdó ọdún méjì já lára ògiri, wọ́n la ilẹ̀kùn ńlá sí iwájú. Wọ́n wó ìdajì ọgbà kí wọ́n lè ṣe ọ̀nà gbọọrọ láti yàrá ìyá dé etí títì. Káfíńtà, ẹni tó máa ń ṣàwàdà, ò ṣàwàdà kankan. Ayàwòrán ò fọwọ́ kan òòlù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló gba iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lòun á máa wá.

Eléèkàn ló ń wẹ ìyá, tó ń gbé e, tó ń yí i nídùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìjókòó, bí ẹni tó ń gbọn ẹrù sílẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà.

“Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń gé aṣọ,” ló wí. “Ọmọ mi fi ìwé yẹn hàn mí. O rò pé n kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn?”

“Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ìwọ ńkọ́?”

Eléèkàn bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀ náà lọ. Ìyá mí kanlẹ̀. “Mo rò pé bí mo bá kọ ilé, ọmọ mi á kọ èmi náà. Nu àtàǹpàkò yẹn dáadáa.”

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun náà mọ̀. Ọmọ ní Màámi ń gbèjà ìyàwó ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan di ìgbà tí àyè bá yọ. Ìyá Aránṣọ ti padà sétí títì, wọ́n ti tún ń kí i, ó ti tún ń bú ọlọ́kadà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì èébú náà ò já geere. Kò lè rán nǹkan mọ́.

Ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn, Ayàwòrán wá kó tábìlì tó fi ń yàwòrán. Ó ní òun ti rí ilé ní ìlú tí òun wà, pé àwọn á gba ẹnì kan tí á máa tọ́jú Màámi. Ó wo ilẹ̀.

“Bí o bá fẹ́ wá, o lè wá,” ló wí.

Ìgbà kan wà tí Eléèkàn ì bá gbá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mú, kó sá wọlé lọ di ẹrù, kí ó má bi í ní nǹkan kan. Ó ṣì wù ú. Ó rí irun funfun tó ti yọ létí ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ síbẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ kí n wá?”

Ọkùnrin náà wo ọ̀nà tó wà láàárín ọgbà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní bóyá, ó ní á dáa bóyá, ó ní òun ò mọ̀. Ó ní bí òun bá ti rí ojú rẹ̀, ìyá òun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lòun ń rí.

Ó ti béèrè, ó ti gbọ́. Kò bá a jà. Ó gbá ẹsẹ̀ tábìlì mú lápá kan, ọkùnrin náà gbá apá kejì mú, wọ́n jọ gbé e gba iwájú ìyá kọjá dé ìdí mọ́tò. Ìyá ń wo àwọn méjèèjì láti etí títì. Ọkọ náà lọ, kò padà wá gbé níbẹ̀ mọ́. Eléèkàn pé ẹni ogójì ọdún lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń pè é láti yàrá kejì pé ilẹ̀ ti mọ́, kó wá gbé òun jáde.